Òkúta Abẹ́ Bèbè

Ọ̀nà tó gba iwájú ilé wa kọjá kò ní ọ̀dà. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà sí i láti ayé àwọn tó mọ odi ìlú àtijọ́. Ẹnu bodè ìlú náà ló ti bẹ̀rẹ̀, á wá máa tẹ̀ lé odò bí ọmọ tó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú, títí á fi dé ibi ilé ọlọ àtijọ́ kan tó ti wó. Àwọn tó bá wá wo odi ìlú tán, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n máa ń gùn gba ibẹ̀. Wọ́n ní ọ̀nà ọ̀dà ti sú àwọn, pé òkúta ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ̀ pé òun ṣiṣẹ́. Ìyá àgbà máa ń sọ pé, "Ẹni tí Ọlọ́run fún ní ọ̀nà tó tẹ́jú, tó tún ń wá gbágungbàgun kiri, ìyà ò tíì jẹ ẹ́ rí ni."

Gbágungbàgun yẹn la fi ń jẹun. Bàbá mi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níta, ìyá mi sì ń fi yàrá mẹ́ta tó wà lẹ́yìn gba àwọn tí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ lọ́nà. Baba Afẹ́fẹ́ làwọn agùnkẹ̀kẹ́ ń pe bàbá mi, torí kò sí ẹni tó máa dúró níwájú rẹ̀ tí kò ní fi àtàǹpàkò tẹ táyà rẹ̀ wò.

"Afẹ́fẹ́ yìí ti pọ̀ jù," á ní. "Lórí òkúta, táyà tó bá le koko, bí ewúrẹ́ ló máa ń fò. Ẹ jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀, kó lè di ilẹ̀ mú."

Á sì tú u jáde, fíìì, lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá àgbà, tó bí i lọ́mọ, á wá rẹ́rìn-ín láti orí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ wo ọmọ mi. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ta ọjà, òun ń da afẹ́fẹ́ oní-nǹkan nù."

Òjò pọ̀ lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Odò bu ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà jẹ níbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́nà, nísàlẹ̀ ilé wa díẹ̀. Ihò tó ṣí síbẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn agùnkẹ̀kẹ́ ní láti sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ léjìká. Àwọn míì ṣubú. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi dé etí wa pé àwọn tó ń bójú tó ọ̀nà nílùú fẹ́ mú ẹyọ kan nínú ọ̀nà tó wà ní bèbè odò méjèèjì, èyí tí wọ́n máa ri àmì mọ́, tí wọ́n á sì máa júwe fún àlejò. Wọ́n ní ayẹ̀nàwò kan ń bọ̀ tó máa gun méjèèjì wò.

"Tó bá wá mú òdìkejì ńkọ́?" ìyá mi béèrè.

"Kò ní mú òdìkejì. Iyanrìn ló kún ibẹ̀."

"Mo ní tó bá mú un ńkọ́, Bàbá ọmọ mi? Afárá kan ṣoṣo ló wà, inú ìlú ló sì wà. Ta ló máa tibẹ̀ rìn wá síbí torí kó lè sùn?"

Gbogbo wa la mọ̀ pé bí ọ̀nà bá ti lè kúrò níwájú ilé wa, a ti di ẹni tó ń wá ilé míì nìyẹn. Ìyá mi tiẹ̀ ti ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ nílùú pé kó máa bá òun wá iṣẹ́, pé òun ò ní jókòó máa ka ìgbì omi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni bàbá mi gbé ṣọ́bìrì, ó ní kí n fa ọmọlanke tẹ̀ lé òun. "Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran," ó ní. "Ihò ṣáà ni. Ẹ jẹ́ ká dí i."

Ẹni tó bá mọ bàbá mi á mọ̀ pé kì í ṣe òkúta kan ṣáá ló máa gbà kí wọ́n dà síbẹ̀. Èyí tó bá tóbi bí ẹyin, ó ní yíyí ló máa ń yí lábẹ́ táyà. Èyí tó bá kúnná jù, ẹrẹ̀ ló máa dà bí òjò bá ti kàn án. Èyí tó ń fẹ́ kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ó sì ní igun díẹ̀ kí wọ́n lè di ara wọn mú. A wá a lápá òkè títí, a ò rí i. Ìgbà tí a sọ̀kalẹ̀ sétí omi, lábẹ́ kọ́nà yẹn gan-an, la bá a níbẹ̀ bíi pé wọ́n fi asẹ́ jọ̀ ọ́, ó tò lọ rẹrẹẹrẹ bí ògiri kúkúrú lẹ́sẹ̀ bèbè.

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. "Wò ó! Odò ti bá wa ṣà á sílẹ̀."

A bẹ̀rẹ̀ sí kó o. Ìyá mi náà á wá bá wa bó bá ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tán. Ìyá àgbà ò lè sọ̀kalẹ̀, àmọ́ ohùn rẹ̀ ń bá wa lọ́hùn-ún: "Ẹ kó o dáadáa o! Odò kì í ka òkúta rẹ̀." Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá ń kí wa kú iṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn pariwo pé, "Baba Afẹ́fẹ́ ti di Baba Olókùúta!" Bàbá mi dá a lóhùn pé, "Ìwọ ṣáà máa gùn ún, aláròyé."

Bí a bá ti da òkúta sílẹ̀, á fi réèkì tẹ́ ẹ, á gun kẹ̀kẹ́ lé e lórí, á tún sọ̀kalẹ̀. "Ó ṣì ń ráhùn níbí," á ní, á sì bu díẹ̀ kún un. Ìgbà tó fi parí, èmi tí mo máa ń fa bíréékì kí n tó dé kọ́nà yẹn, mo gùn ún kọjá, mi ò fọwọ́ kan bíréékì rárá.

Ayẹ̀nàwò dé lọ́sàn-án gangan ọjọ́ kan lẹ́yìn náà. Kì í ṣe agbéraga. Ó ti sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá àgbà.

"Ẹ káàsán, Màmá."

"Káàsán, ọmọ mi. Ọ̀nà wa dùn, àbí kò dùn?"

"Ẹ jẹ́ kí n gùn ún ná, Màmá."

"Wèrè lẹni tó bá ní kò dùn," ni Ìyá àgbà wí, òun àti ayẹ̀nàwò sì jọ rẹ́rìn-ín.

Ó gun kọ́nà náà lọ, ó gùn ún bọ̀, ó tún gùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ bẹ́ẹ̀dì wà léjìká rẹ̀, kò ká a, kò sì gbé e sílẹ̀.

"Bàbá," ayẹ̀nàwò ní, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, "láti ẹnu bodè títí dé ibí, mi ò tíì gun ibì kan tó dára tó èyí. Ta ló ṣe é?"

"Èmi, ìyàwó mi, àtọmọ mi ni."

"Òkúta yìí ńkọ́? Níbo lẹ ti rí i? Ó yẹ ká rí irú ẹ̀ dà sáwọn ibòmíì."

Inú bàbá mi dùn débi pé ó di ọkùnrin náà lápá mú. "Ẹ máa bọ̀, ọ̀gá, ẹ wá wò ó. Kò jìnnà rárá."

Mo tẹ̀ lé wọn sọ̀kalẹ̀. Bàbá mi ń nawọ́ síwá sẹ́yìn, ó ń júwe bí òkúta náà ṣe tò tẹ́lẹ̀. Ayẹ̀nàwò ò wo ibi tó ń nawọ́ sí. Òkè ló ń wò, abẹ́ ọ̀nà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn kọjá. Bèbè ti dúró láìlẹ́sẹ̀. Gbòǹgbò igi ti yọ síta, ó ń fì dirodiro, omi sì ń wọlé, ó ń jáde lábẹ́ ibẹ̀ bíi pé ilé bàbá rẹ̀ ni. Ọ̀gá náà fọwọ́ kan ara bèbè. Yẹ̀pẹ̀ já bọ́ sínú omi, gbìì.

"Bàbá, ṣé gbogbo ẹ̀ lẹ kó?"

"A kó o tán, ọ̀gá. A ò ṣẹ́ ọ̀kan kù." Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló tó gbójú sókè.

"Òkúta yẹn ló ń dá omi dúró tí kò fi jẹ bèbè," ayẹ̀nàwò rọra sọ ọ́.

"A máa dá a padà. Lónìí olónìí."

"Ọdún gbọọrọ lodò fi kó o jọ, Bàbá, tó fi wọnú ara wọn. Bí ẹ bá dà á síbẹ̀ báyìí, ṣe ni omi máa gbé e lọ."

"Ẹ ṣáà fún wa láyè ká dán an wò."

"Bó bá já tẹ́nì kan wà lórí ẹ̀ ńkọ́?"

Èmi ni bàbá mi dojú kọ, kì í ṣe ọ̀gá. "Táyà ni mò ń rò," ó ní. "Mi ò ro ti omi."

Ayẹ̀nàwò ri igi méjì mọ́lẹ̀, ó na okùn pupa sáàárín wọn láti fi dí ọ̀nà náà. Nígbà tó ń lọ, ó tún dúró lọ́dọ̀ Ìyá àgbà. "Ẹ má bínú, Màmá. Ọ̀nà kan ò wọjà."

"Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi," Ìyá àgbà dáhùn. "Ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló gba iwájú ilé wa."

Ọkùnrin náà tẹríba. Kò gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń fọwọ́ tì í lọ ni, àfìgbà tó jìnnà sí wa.

A dá òkúta padà lóòótọ́. Bàbá mi hú ọ̀nà tó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́, ó ń dà á sẹ́sẹ̀ bèbè, odò sì ń kó o lọ. Ẹni tó ń fi agbọ̀n pọnmi sàn jù wá. Ìyá mi ò bá wa débẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tó yá, a ń jẹun lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí a gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù bá sọ ẹrù kalẹ̀. A jáde. Kọ́nà ti lọ, omi pupa ń yí níbẹ̀. "Ó ti jẹ tirẹ̀," Ìyá àgbà ní. "Ẹ lọ jẹ tiyín."

Báyìí, òdìkejì ni wọ́n ń gbà. Láti ẹnu ọ̀nà wa là ń rí wọn, wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, iyanrìn ń dà wọ́n láàmú, síbẹ̀ wọ́n ń lọ. Àwọn tó mọ̀ wá máa ń juwọ́.

Lánàá, ọ̀kan nínú wọn dúró gẹ́lẹ́ ní ọ̀kánkán wa lódìkejì. Ọ̀dọ́kùnrin ni. Ó dojú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ délẹ̀, ó ń fọwọ́ pa táyà káàkiri. Bàbá mi ti dìde kí n tó rí i. Ó mú pọ́mpù, ó sáré lọ sétí omi.

"Iwájú ni àbí ẹ̀yìn?" ó kígbe.

Ọ̀dọ́kùnrin náà fọwọ́ sẹ́yìn etí.

"Mo ní, iwájú ni àbí ẹ̀yìn? Yẹ inú táyà wò kó o tó lẹ̀ ẹ́! Ẹ̀gún ṣì lè wà níbẹ̀!"

Ó ní kí n bá òun pè é, pé ohùn tèmi tín-ín-rín, bóyá ó máa kọjá. Mi ò kígbe pe ẹnikẹ́ni rí láyé mi. Mo pè é. Odò ń hó láàárín wa, ọ̀rọ̀ náà ò dé ìdajì omi. Ọ̀dọ́kùnrin náà mi orí, ó juwọ́ sí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí rìn padà lọ sápá ìlú.

"Ṣé ó gbọ́?" Ìyá àgbà béèrè láti orí àga.

"Kò gbọ́, Màmá," mo dá a lóhùn.

Bàbá mi dúró síbẹ̀ títí igi fi bo ọmọ náà. À ń gbọ́ láti inú ilé bí ìyá mi ṣe ń tú bẹ́ẹ̀dì yàrá kejì palẹ̀.

"Ẹ̀yìn ni," bàbá mi sọ, kò kọjú sí ẹnì kankan. "Táyà ẹ̀yìn ni."