Pósítà Tí Òjò Kò Lè Ya

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ni Bánkọ́lé kú. Rẹ̀mílẹ́kún ìyàwó rẹ̀ kò gbàgbé pé iná kò sí ní Ọ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà, àti pé pírójẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàdínlógún ló wà nílẹ̀ tí wọn kò tíì dì. Iṣẹ́ ìwé dídì ni tọkọtaya náà ń ṣe nítòsí ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Òun nìkan ló jókòó dì mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún kí wọ́n tó sin ín.

Wọ́n lẹ pósítà òkú mọ́ ara ilé, wọ́n lẹ ọ̀kan mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Christiana, ẹ̀gbọ́n olóògbé lóbìnrin, ní kí wọ́n gbé e sórí ìkànnì ṣọ́ọ̀bù tí àbúrò òun fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nítorí ibi tí wọ́n bá ti mọ èèyàn ni wọ́n ti ń kéde rẹ̀. Wọ́n gbé e síwájú pátápátá: àwòrán rẹ̀, ọjọ́ ìsìnkú, àti gbólóhùn kan nísàlẹ̀ pé wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù.

Nílẹ̀ wọn, a kì í fọwọ́ ya pósítà òkú. Òjò àti oòrùn ló ni ín. Nígbà tí oṣù kẹwàá fi máa parí, òjò ti fọ tara ilé lọ, ti ilẹ̀kùn sì ti bọ́ dànù. Rẹ̀mílẹ́kún ti padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú; láti ọjọ́ Ajé dé Àbámẹ́ta ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láago méje ààbọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni kò wá. Ní àsìkò pírójẹ́ẹ̀tì èṣí, igba ó lé méjìlá ni wọ́n dì. Lọ́tẹ̀ yìí, mọ́kànlélọ́gbọ̀n péré. Ó ti gbà kí ọkùnrin kan láti Ìdó wá wo ẹ̀rọ ìgéwé tó fẹ́ rà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bí ẹ̀rọ náà bá lọ, iṣẹ́ parí nìyẹn.

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Ọláwùmí, akọ̀wé ẹ̀ka kan ní yunifásítì, yà wá ṣe fọ́tòkọ́pì.

"Ìyá Ìníolúwa, ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́? Ohun tí mò ń sọ fáwọn ọmọ ni pé ẹ ti kógbá sílé."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Gúgù ni."

Ọláwùmí tẹ "báíńdì pírójẹ́ẹ̀tì ní Ọ̀yẹ́" sínú Gúgù lórí fóònù, ó nà án sí i. Ṣọ́ọ̀bù àwọn ẹlòmíràn ló kún ojú ewé kìíní. Ojú ewé kejì ni orúkọ tiwọn wà, ohun tí wọ́n sì kọ sábẹ́ rẹ̀ ni: Sùn re o, Bánkọ́lé. A ti ti ṣọ́ọ̀bù.

"Ọ̀rọ̀ tó bá bá lórí ìkànnì ni Gúgù ń kà," ni Ọláwùmí wí. "Kò mọ̀ pé ẹ ti ṣílẹ̀kùn, ẹ ò sọ fún un. Kò rí báíńdì níbẹ̀, òkú ló rí."

Rẹ̀mílẹ́kún mọ bí wọ́n ṣe ń yí ọ̀rọ̀ orí ìkànnì padà. Ọkọ rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ilé Christiana ló kọ́kọ́ gbà lọ.

"Ìyàwó, o fẹ́ fọwọ́ ara rẹ ya pósítà ọkọ rẹ?" ni Christiana bi í. "Ọdún kan ò tíì pé. Àbí o ti rí ọkọ mìíràn?"

"Ọkọ mi, ẹ̀rọ ìgéwé ni wọ́n fẹ́ wá rà, kì í ṣe èmi."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Christiana, ó gbé e mì. "Jẹ́ kí òjò ya á. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Òjò kì í rọ̀ dé ibi tó wà, mà. Bó ṣe wà lọ́jọ́ kìíní náà ló wà dòní."

Christiana tún béèrè: "Ti ara ilé ńkọ́? Ìgbà wo ló bọ́?"

"Ogúnjọ́ oṣù kẹwàá."

"Ó ti pẹ́ nígbà náà." Ó gbọn eruku kúrò lára aṣọ rẹ̀. "Gbé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Má sọ ọ́ nù o. Wá yàrá fún un nínú."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ọláwùmí jókòó tì í. Rẹ̀mílẹ́kún fẹ́ kọ "Ilé Iṣẹ́ Ìwé Dídì Alárà-Ọ̀tọ̀" síwájú ìkànnì.

"Ta ló ń wá alárà-ọ̀tọ̀? Bí ọmọ bá débí, kí ló máa ń bi yín?"

"'Mà, ẹ ń báíńdì pírójẹ́ẹ̀tì?'"

"Ẹ kọ ìyẹn."

Wọ́n kọ ọ́ sókè pátápátá: A ń báíńdì pírójẹ́ẹ̀tì ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, nítòsí ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Wọ́n kọ ọjọ́ àti aago tí wọ́n ń ṣí sí i. Wọ́n wá ṣí ojú ewé mìíràn sẹ́yìn, wọ́n fi orúkọ Bánkọ́lé ní kíkún ṣe àkọlé rẹ̀, wọ́n gbé pósítà náà síbẹ̀. Ọláwùmí ránṣẹ́ sí Gúgù pé kó wá wò ó.

"Kì í wá lọ́jọ́ tí a bá pè é o," ló wí. "Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọkùnrin Ìdó dé. Rẹ̀mílẹ́kún bẹ̀ ẹ́ kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ó kùn, ó lọ. Láràárọ̀ ni Rẹ̀mílẹ́kún ń wo fóònù, fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ìkéde òkú náà ló ń rí. Lọ́jọ́ kẹwàá, orúkọ wọn ti wọ ojú ewé kìíní, ó ṣe ìkẹta. Ní ọ̀sán, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Ẹniọlá wọkọ̀ láti Ìkọ̀lé dé.

"Mo rí i pé ẹ ṣí, mà. Àwa mẹ́fà ni. Àwọn yòókù ń bọ̀ lọ́la."

Rẹ̀mílẹ́kún gba iṣẹ́ náà. Ó pe ọkùnrin Ìdó pé kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́.

Christiana wá lọ́jọ́ kejì, ó bá a nídìí ẹ̀rọ. "Fi orúkọ ọmọ ìyá mi sí i, kí n wò ó."

Rẹ̀mílẹ́kún nu ọwọ́, ó tẹ orúkọ náà ní kíkún. Bánkọ́lé ló kọ́kọ́ jáde, tòun ti àwòrán rẹ̀. Christiana gbé fóònù súnmọ́ ojú, ó wò ó pẹ́.

"Kò mà ṣá," ló wí.

Rẹ̀mílẹ́kún ti gbé ìwé mìíràn sábẹ́ ọ̀bẹ ẹ̀rọ.