Ìṣẹ́jú Márùn-ún Péré

"Tí iṣẹ́ bá fi lè dúró kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn oníkọ̀ǹpútà ará ìta ni màá gbé gbogbo ẹ̀rọ yìí fún, kí ìwọ náà sì máa wá iṣẹ́ míì lọ."

Ohun tí ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn náà sọ fún obìnrin onímọ̀ kọ̀ǹpútà wọn nìyẹn, kò sì bá a ṣeré. Ẹ má dá a lẹ́bi. Nígbà tí obìnrin yìí kọ́kọ́ pààrọ̀ ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà àgbà wọn, odindi ọjọ́ kan ni àwọn dókítà fi ń kọ̀wé sórí pépà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, olórí yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ló ń fẹsẹ̀ gbé èsì àyẹ̀wò kiri títí bàtà rẹ̀ fi já. Títí dòní, kò sí ibi tí ẹbí ti pàdé tí kò ní mẹ́nu ba bàtà yẹn.

Ṣùgbọ́n ètò tó fi sí i nígbà náà ti gbó. Àwọn tó ṣe é kò tún un ṣe mọ́, àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì sì lè wọlé nígbà tó bá wù wọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí, obìnrin náà lajú sílẹ̀ dáadáa. Kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ rárá. Òmíràn ló gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ètò tuntun sí i, ó da àkọsílẹ̀ gbogbo aláìsàn kọ sínú rẹ̀, ó sì dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Ó wá ku kí gbogbo ilé ṣí kúrò lórí ti àtijọ́ bọ́ sórí tuntun.

Aago méjìlá ọ̀sán lù. Yàrá ẹ̀rọ tutù nini, síbẹ̀ ó ń làágùn. Ó dá iṣẹ́ dúró, ó da ìwọ̀nba àkọsílẹ̀ tó kù kọ, ó sì yí orúkọ kọ̀ǹpútà àgbà sórí tuntun. Ilé oògùn wọlé. Àwọn tó ń gba orúkọ aláìsàn náà wọlé. Ó ti ń jó lórí ìjókòó nígbà tí fóònù dún.

"Ìyàwó! Ẹ̀rọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò ríbi fi èsì ránṣẹ́ sí o! Mi ò ní sáré kiri lónìí o, mo ti sọ fún ẹ!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan."

Kí ló dé tó jẹ́ yàrá àyẹ̀wò nìkan? Lójijì, ó rántí. Orúkọ ni gbogbo ilé fi ń wá kọ̀ǹpútà àgbà, àfi ẹ̀rọ mẹ́ta yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ nọ́ńbà àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà àtijọ́ sínú wọn lọ́dún méje sẹ́yìn, lọ́jọ́ kan tó ń kánjú relé, tó ní òun á tún un ṣe lọ́la. Ọ̀la yẹn ò tíì dé. Ẹ bi onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó bá wù yín, gbogbo wọn ló ní irú ọ̀la bẹ́ẹ̀ nílẹ̀.

Kò sáyè láti máa tún ẹ̀rọ mẹ́ta ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fò dìde, ó yọ wáyà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà àtijọ́, ó gba nọ́ńbà rẹ̀, ó fi fún tuntun. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti lọ.

"Ìyàwó..." Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tún èsì náà fi ránṣẹ́. "Ó ń lọ! Ó ń lọ o! Èsì ti dé ọ̀dọ̀ dókítà!"

Àwọn méjèèjì figbe ayọ̀ ta lórí fóònù bí ọmọdé. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ò tíì pé.

Kò pẹ́ tí fóònù tún dún. Ọ̀gá àgbà ni.

"Ìgbà wo lo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an? Gbogbo wa la di bírò mú síbí, ọwọ́ ti ń ro wá."

"A ti parí ẹ̀, sà. Ó ti ṣe díẹ̀."

Obìnrin náà gbọ́ bí ọ̀gá ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó ń ṣí ìwé aláìsàn kan tẹ̀lé òmíràn. Ó wúkọ́.

"Ìwé àdéhùn àwọn ará ìta yẹn wà níwájú mi. Mo ti fọwọ́ sí i láti àárọ̀." Pépà ya fààà. "Ẹ̀ka wa tó wà lódìkejì títì, ṣé wàá ráyè bá wa ṣe tiwọn lọ́la?"

Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu fóònù, kí ọ̀gá má baà gbọ́ bó ṣe ń fò sókè.