Asà Ta Ni Yóò Wà Lára Èèkù Yìí?

“Asà ọmọ mi ni kí o fi sí i,” ni Bàbá Kékeré wí, ó sì ju irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n gé bí ẹja síwájú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí tábìlì iṣẹ́.

Ọmọbìnrin náà ò wo ẹja. Ọ̀bẹ àpò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń ṣí, tó ń pa dé, tó ń tẹ́tí sí ìró rẹ̀. Òun ló lu irin rẹ̀, òun ló gbẹ́ igi èèkù, tó fi òróró pa á títí ó fi ń dán bí ojú omi àárọ̀. Asà nìkan ló kù, irin wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tẹ̀ rì sínú èèkù fún ẹ̀ṣọ́. Ní ilé iṣẹ́ wọn, ó ju ẹ̀ṣọ́ lọ. Ẹni tó bá ṣe ọ̀bẹ ló ń fi asà tirẹ̀ sí i, kí oníbàárà lè mọ ẹni tí yóò bá wí bó bá ṣẹ́.

Látìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, asà bàbá náà, tó rí bí ewé, ló ń lò. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní Ìyàwó Ọ̀bẹ, wọ́n ní kò ráyè ọkọ mìíràn, òun náà a sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ lónìí Bàbá Kékeré ní ewé ti bá ẹni tó ni ín lọ. Ó ní obìnrin kì í ní asà níbí; tó bá di ọjọ́ tó wọlé ọkọ, ṣé yóò dì í mẹ́rù ni? Ọmọ òun ni yóò jogún ibẹ̀, kí ojú ayé yáa tètè mọ ẹja.

Ọmọ ọ̀hún jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu ọ̀bẹ tí ẹlòmíràn ṣe.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe ọ̀bẹ ọwọ́ mi yìí?” ni ọmọbìnrin náà bi í.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà mí sí i,” ni ọmọ náà kùn sí àwọn méjèèjì.

“Èmi ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀, Ìyàwó Ọ̀bẹ. Àbí etí rẹ ti di?” ni Bàbá Kékeré jágbe.

“Mo gbọ́ yín, Bàbá.”

Ó fa idẹ pẹlẹbẹ kan yọ, ó fi ayùn tín-ín-rín gé e. Kò jọ ewé, kò jọ ẹja. Ó rí bí ẹ̀kán omi tó ń múra àtikán. Ó gbé e lé èèkù, ó fi abẹ́rẹ́ fa ìlà yí i ká, ó sì mú irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ igi. Àwọn òṣìṣẹ́ gbé iṣẹ́ wọn sílẹ̀, wọ́n ń wò ó. Wọ́n mọ̀ pé igi tí wọ́n bá ti gbẹ́ fún asà kan kò lè gba òmíràn mọ́.

Bàbá Kékeré rẹ ohùn sílẹ̀. “Bí irin yẹn bá wọ igi, o ti kúrò lábẹ́ mi nìyẹn.”

“Mo mọ̀, Bàbá. Bí ọ̀bẹ yìí bá ṣẹ́, èmi ni kí wọ́n wá bá.”

“Níbo ni wọn yóò ti rí ọ?”

Ọmọbìnrin náà ti tẹ irin mọ́ igi.

“Níbi tí mo bá ti ń ṣe ọ̀bẹ mìíràn.”