Púdíìnì Tí Kò Wú

Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni òórùn ẹran sísun fi ń gba ilé Wilfred Armitage kan lọ́jọ́ Ìsinmi. Enid, ìyàwó rẹ̀, ló ń se é. Ní oṣù Kejì, Enid kú. Wọ́n sin ín nígbà tí yìnyín ṣì wà nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, òórùn búrẹ́dì yíyan nìkan ló kù nínú ilé.

Hilary, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ló ń gbé oúnjẹ wá fún un nínú ike. Nọ́ọ̀sì ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, ó wọlé, ó jókòó, kò bọ́ kóòtù.

"Bàbá, mo ti bá ilé ọtí orí òkè yẹn sọ̀rọ̀. Wọ́n ń se oúnjẹ Sọ́ńdè. Ẹran, pòtétò, púdíìnì, gbogbo ẹ̀ pátá. Wọ́n á máa fi tábìlì kan sílẹ̀ fún wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

"Mo ní tábìlì."

"Mo mọ̀ pé ẹ ní tábìlì. Ta ni yóò se oúnjẹ tó máa wà lórí ẹ̀?"

Wilfred wo tábìlì náà. Ó ní apá méjì tí wọ́n ń ká sísàlẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni Enid máa ń nà wọ́n. Láti oṣù Kejì ni wọ́n ti wà ní kíká.

"Èmi ni," ó ní.

Hilary kò rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn kó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ò se ẹyin rí láyé yín."

"Mo ti gé ẹran lórí tábìlì yìí fún ọdún mọ́kànléláàádọ́ta."

"Ọ̀tọ̀ ni gígé, ọ̀tọ̀ ni sísè, Bàbá."

"N ó sè é."

Ọmọ náà wò ó títí. "Ó dáa. Sọ́ńdè kan péré. Bó bá ṣeé jẹ, a ó máa wá síbí. Bí ò bá ṣeé jẹ, ilé ọtí ni, ẹ ò sì ní jiyàn mọ́."

"Èmi kì í jiyàn."

"Ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Ohun tó wà lọ́kàn Wilfred, kò sọ ọ́. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé bàbá rẹ̀ nílé ọtí, ọ̀sẹ̀ kan yóò wà tí òjò á rọ̀, ọ̀sẹ̀ kan yóò wà tí iṣẹ́ á pọ̀. Yóò di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Yóò di Kérésìmesì nìkan. Ó ti rí i lára àwọn mìíràn ní àdúgbò náà.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó lọ sọ́dọ̀ Pogson alápatà.

"Wilf. Ẹran wo ni?"

"Èyí tí Enid máa ń rà."

"Ṣé o mọ èyí tí Enid máa ń rà?"

"Èyí tí mo máa ń gé ni."

Pogson mú ọ̀bẹ. Ó gé e láti ẹ̀yìn itan, ó fi ọ̀rá díẹ̀ sílẹ̀ lórí rẹ̀, ó fi okùn dì í. Lẹ́yìn náà, ó wé ọ̀rá funfun kan sínú ìwé, ó gbé e lé e.

"Fi èyí ṣe púdíìnì. Púdíìnì tí wọn ò bá fi ọ̀rá màlúù ṣe, bàtà ni."

"Tamsin, ọmọ Hilary, kì í jẹ ẹran mọ́."

"Kí ló wá ń jẹ?"

"Gbogbo ohun tí kò bá ní ojú."

Pogson mi orí. "Kú ìfaradà."

Ẹran kọ́ ló ń ba Wilfred lẹ́rù. Iná ló ń se ẹran. Púdíìnì ni, ẹyin, fùláwà àti mílíìkì tí wọ́n pò, tí wọ́n yan nínú ọ̀rá gbígbóná títí ó fi wú. Ní apá Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti bí i, púdíìnì ni wọ́n ń kọ́kọ́ jẹ, òun nìkan nínú àwo pẹ̀lú ọbẹ̀ omi ẹran, kí ẹran tó dé. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé, "Ẹni tó bá jẹ púdíìnì jù ni n ó fún lẹ́ran jù." Ọmọ méje ni wọ́n. Ẹni tó bá jẹ púdíìnì jù kì í rí àyè fi ẹran sí mọ́, ìyá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé ọtí máa ń gbé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran, bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé. Ṣùgbọ́n ohun tó bá dá wà nínú àwo, kò sí ibi tó lè sá sí.

Enid kò kọ bó ṣe ń ṣe é sílẹ̀. Wilfred kò sì wò ó rí. Pálọ̀ ló máa ń jókòó sí, ìwé ìròyìn níwájú, ilẹ̀kùn ilé ìdáná ní ṣíṣí. Etí ló fi mọ gbogbo rẹ̀. Yóò gbọ́ tí Enid ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ife ẹyin kan, ife fùláwà kan, ife mílíìkì kan." Yóò gbọ́ fọ́ọ̀kì tó ń pò ó. Yóò dákẹ́ fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn ófùn, àti ìró kan: ṣàáà. Ìgbà tí èyí tó pò bá kan ọ̀rá gbígbóná nìyẹn. Enid yóò wá ké jáde pé, "Kí ẹnikẹ́ni má ṣí ófùn yìí o." Ìyẹn ni àmì fún Wilfred láti dìde lọ pọ́n ọ̀bẹ lórí òkúta ẹ̀yìn ilé.

Ife náà, búlúù, etí rẹ̀ ti kán. Nígbà kan, Wilfred sọ ọ́ nù. Enid yọ ọ́ nínú àkìtàn, ó fọ̀ ọ́, kò bá a sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ẹran ti wà nínú ófùn. Ó bó pòtétò. Ó bó o jù, púpọ̀ nínú rẹ̀ bá èèpo lọ. Ó fi ife náà wọn ẹyin àti fùláwà àti mílíìkì, ó pò ó, ó jókòó ní pálọ̀ fún wákàtí kan nítorí pé ibẹ̀ ló máa ń wà ní àkókò náà.

Nínú kọ́bọ́ọ̀dù ó rí páànù ńlá tó mọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ló rí kékeré kan tí kò mọ̀, tó ní ojú mẹ́rin. Wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn lára. Ọwọ́ Enid ló kọ ọ́: Tamsin. Òróró nìkan.

Ó dúró díẹ̀ pẹ̀lú páànù náà lọ́wọ́. Ó da òróró sínú rẹ̀, ó gbé e sókè nínú ófùn. Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó rántí ọ̀rá Pogson. Ó tú u sínú páànù ńlá, ó tì í sísàlẹ̀. Aago ti lọ. Kò lè dúró mọ́. Ó yọ ẹran, ó bò ó. Ó ṣí ófùn, ó da èyí tó pò sínú páànù ńlá.

Kò dún.

Ó rí bí ẹni da omi sórí iyanrìn. Wilfred dúró, jọ́ọ̀gì lọ́wọ́. Ó mọ̀. Ó da ìyókù sínú páànù kékeré. Ìyẹn ké ṣàáà. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Kí ẹnikẹ́ni má ṣí ófùn yìí," ó sọ. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé.

Wọ́n dé ní aago kan kù díẹ̀. Hilary ló ṣáájú. Desmond, ọkọ rẹ̀, tẹ̀ lé e. Tamsin ọmọ wọn, tó ń kàwé ní Leeds, ló kẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ má bínú o," Desmond ní. "Mo ti jẹ búrẹ́dì méjì kí n tó kúrò nílé. A kì í mọ̀."

"O gbọ́n," Wilfred ní.

"Kò sí èéfín," Hilary ní. Ó ń fimú fa afẹ́fẹ́. Ó rí tábìlì, apá rẹ̀ méjèèjì ní nínà, àwo mẹ́rin lórí rẹ̀. Ó yíjú sí fèrèsé.

Wilfred gbé páànù méjèèjì wá. Nínú kékeré, púdíìnì mẹ́rin ti wú, wọ́n pọ́n, wọ́n yọ orí bíi fìlà. Nínú ńlá, ohun kan rọ̀gbọ̀kú, ó funfun láàárín.

Desmond ló kọ́kọ́ lanu.

"Ta ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀?"

"Desmond," Hilary ní.

"Mo kàn ń bi í ni."

"Ọ̀rá kò gbóná tó," Wilfred ní. "Mo ti mọ̀ kí n tó ti ilẹ̀kùn. Kò dún. Ti ìyá rẹ máa ń dún." Ó fa àga, ó jókòó. "Ẹ máa lọ sílé ọtí yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti sọ pé mi ò ní jiyàn."

Hilary ń wo páànù ńlá náà.

"Ṣé ẹ rò pé ti Màmá máa ń wú nígbà gbogbo ni?"

"Mi ò rí èyí tí kò wú rí."

"Ẹ ò lè rí i. Ẹ̀yìn ilé lẹ máa ń wà, ẹ ń pọ́n ọ̀bẹ. Kí ẹ tó wọlé, ó ti kó àwọn tó wú sí àwo yín àti tèmi. Èyí tí kò bá wú, àwo tirẹ̀ ló ń lọ. Á wá da ọbẹ̀ bò ó."

"Nígbà wo?"

"Láti kékeré mi. Ó ní kí n má sọ fún yín. Ó ní bí ẹ bá mọ̀, ẹ ó ní ká pín in."

Wilfred mú ọ̀bẹ, ó gé igun kan tó tóbi láti inú páànù ńlá, ó fi sínú àwo ara rẹ̀. Ó da ọbẹ̀ sí i. Ó jẹ ẹ́. Gbogbo wọn ń wò ó.

"Báwo ló ṣe rí, Bàbá àgbà?" Tamsin béèrè.

"Bàtà ni." Ó gé òmíràn.

Tamsin fa páànù kékeré sọ́dọ̀. Ó fi ọ̀kan sínú àwo ìyá rẹ̀, ọ̀kan sí ti bàbá rẹ̀, ọ̀kan sí tirẹ̀. Ó nawọ́ ẹ̀kẹrin sí Wilfred.

"Tìẹ ni," Wilfred ní. "Orúkọ rẹ ló wà lára páànù."

"Mẹ́rin ni. Mẹ́rin ni àwa náà." Ó gbé e lé èyí tí kò wú lórí.

Desmond jẹ tirẹ̀ tán. "Ó dùn o. Òróró lásán nìyí?"

"Má jẹ́ kí Pogson gbọ́," Wilfred ní.

Ó gé ẹran. Ó gé e tẹ́ẹ́rẹ́, bó ṣe máa ń gé e. Ó gbẹ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á. Tamsin jẹ pòtétò mẹ́fà, ó béèrè ìkeje.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Hilary mú fóònù, ó bọ́ sẹ́yìn ilé. Kò ti ilẹ̀kùn. Wilfred wà nídìí omi, ó ń fọ páànù. Ó gbọ́ tó sọ orúkọ ara rẹ̀. Ó gbọ́ tó ní tábìlì ọjọ́ Ìsinmi tí òun gbà, kí wọ́n fún ẹlòmíràn. Ó gbọ́ tó ní rárá, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan.

Hilary wọlé, ó mú aṣọ ìnu-àwo.

"Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rá ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé sínú ófùn. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun."

"Mo gbọ́."

"Ẹ má sì bó pòtétò mọ́. Tamsin á tètè wá bó o."

"Mo gbọ́, Hilary."

Nígbà tí wọ́n lọ, ó nu ife búlúù náà gbẹ, ó da ojú rẹ̀ dé orí agolo fùláwà níbi tó máa ń wà. Ó nu tábìlì. Kò ká apá rẹ̀.