Ọmọńdinrín Òsì

Ó ń sùn? Ọwọ́ tèmi? "Ẹ má bínú mà, ọwọ́ òsì yín ló ń sùn." Bí Fatihah ṣe sọ ọ́ nìyẹn, tẹ̀ríntẹ̀rín, lójú gbogbo kíláàsì, ó sì kọjá lọ bíi pé kò sọ nǹkan kan. Tíṣà kọ̀ǹpútà! Ọmọ tí mo lè bí! Èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ ń wọ mọ́tò Ọ̀yọ́ láti Fìdítì láràárọ̀.

Ó tún wá yọ bọ́tìnnì mi. Bẹ́ẹ̀ ni, ó yọ ọ́! Káàpù-lọ́ọ̀kì tí mo fi ń tẹ lẹ́tà ńlá láti ìgbà tí mo ti ń fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, tí ẹnikẹ́ni ò bá mi wí — ó fi ọ̀bẹ kékeré tú u, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀. "Ṣíìfù la ó máa lò, mà. Lẹ́tà tó bá jẹ́ ti ọwọ́ ọ̀tún, ọmọńdinrín òsì ni yóò tẹ Ṣíìfù fún un. Ti òsì, ọmọńdinrín ọ̀tún." Ta ló ṣòfin yẹn? Lẹ́tà ńlá tó bá ti jáde, ta ló ń béèrè ìka tó tẹ̀ ẹ́?

Wọ́n á béèrè, ṣá. Ní Alàmísì. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò ìgbéga fún wa ní ọ́fíìsì yóò dúró sẹ́yìn wa, wọn yóò máa wo ọwọ́... ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n tẹ̀, kó máa gbé fáìlì kiri lọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbé e kiri! Jùwọ́nlọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń to fáìlì, òun ni mò ń pè ní sà báyìí. Ó tó gẹ́ẹ́.

Ó dáa. Lẹ́ẹ̀kan sí i. Fiditi — F ńlá jáde. Awe — ó jáde. Saudatu, orúkọ èmi fúnra mi — ó dùn ún wò. Jobele... jobele. J kékeré. Ilora... ilora. Kí ló dé? Ìka òsì yìí ń bẹ níbẹ̀, mò ń wò ó, ó ká sínú àtẹ́lẹwọ́. Mo ní kó na, ó na. Kó tó tẹ Ṣíìfù, ọwọ́ ọ̀tún ti sáré tẹ lẹ́tà tirẹ̀. Ta ló rán an?

Inú mi ò tiẹ̀ dùn kí n tó débí. Mo ti bá Màrdíyyàh, àbíkẹ́yìn mi, wí láàárọ̀, lórí — ìyẹn ò kan kọ̀ǹpútà. Kí n fi ìyẹn sílẹ̀.

Ó ń sùn! Ọwọ́ yìí ló mọ ìwé kọ kí ọ̀tún tó mọ̀ ọ́n! Òun ni mo fi kọ A àkọ́kọ́ sára ògiri ilé wa n'Ílọrà. Òun ni mo fi ń ju òkò lu máńgòrò, tí kì í tàsé. Kò sùn. Wọ́n lù ú ni. Tíṣà Níyìọlá, pírámárì tuù, rúlà onígi: "Gbé ọwọ́ burúkú yẹn pamọ́!" Orí ọmọńdinrín yìí gan-an ló ń gbá, títí mo fi ń jókòó lé ọwọ́ náà ní kíláàsì. Bàbá mi tún gbè é lẹ́yìn: "Ọwọ́ ìdọ̀tí ni." Àgbàlagbà méjì sí ọmọ ọdún méje! Inú ń bí mi. Ó ti ń bí mi láti ọjọ́ yẹn, mi ò kàn mọ ẹni tí mo ń bínú sí ni. Fatihah kọ́ o, kì í ṣe Fatihah...

Dúró ná.

Láàárọ̀ yìí. Ìdí tábìlì. Màrdíyyàh fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sára ìwé tuntun, ó mú pẹ́nsù — ó fi òsì mú un. Mo gbá a lọ́wọ́. Ó dún. Mo sì sọ pé... kí ni mo sọ?

"Gbé ọwọ́ burúkú yẹn pamọ́."

Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́. Kò tilẹ̀ sunkún. Ó kàn ti ọwọ́ náà bọ abẹ́ itan, ó jókòó lé e.

Ó jókòó lé e. Háà.

Fatihah ń bọ̀ lẹ́yìn mi, mò ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀. Kó máa bọ̀. Mò ń na ìka òsì, díẹ̀díẹ̀, ó dé orí Ṣíìfù, mo ní kó dúró síbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ń dúró dè é. M ńlá jáde. Mo tẹ ìyókù tẹ̀ lé e.

Mardiyyah. Orúkọ tí mi ò jẹ́ kó kọ láàárọ̀.