Ajá Mùíbì Dé Orí Òkè

Iṣẹ́ tí Mùíbì ń ṣe nílé ìkẹ́rùsí kan ní Ìlúpéjú ò ju kí họ́ọ̀nù dún, kó sáré ṣí géètì, kí ọ̀gá má baà bú u. Ajá tí wọ́n so mọ́gi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣọ́bẹ̀. Nígbà tó rí ìsinmi ọjọ́ kan gbà, ó mú ajá náà lọ gun òkè Adó-Àwáyè.

Lókè téńté, ó tú ẹ̀wọ̀n ọrùn rẹ̀. Àmọ́ ibi tí ẹ̀wọ̀n máa ń gbà á dé náà ló ń yí po, kò kọjá ibẹ̀.

“Ọ̀dẹ̀ ni ẹ́,” ni Mùíbì wí, inú ń bí i. “Ta ló so ẹ́?”

Họ́ọ̀nù mọ́tò kan dún lójú títì nísàlẹ̀. Mùíbì ti fò dìde, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ géètì lápò. Ajá jókòó, ó ń wò ó.