Ọ̀bọ̀kún Ìdúmàgbò

Ní gbogbo Ifọ̀, ta ni Bùrẹ́ímọ̀ káfíńtà kò tíì ròyìn ilé oúnjẹ Ìyá Mùnírátù fún? Ìdúmàgbò l'Ékòó ni ilé náà wà, létí ọ̀sà. Bàbá rẹ̀ ti ń jẹun níbẹ̀ kí wọ́n tó bí i, òun náà sì jẹ níbẹ̀ títí tó fi kọ́ṣẹ́ tán, tó kó wá sí Ifọ̀.

Ìdí ọbẹ̀ Wòsílátù ìyàwó rẹ̀ gan-an ló ti máa ń sọ ọ́. Bí obìnrin náà bá se ẹja ọ̀bọ̀kún tí wọ́n fi rélùwéè gbé wá, Bùrẹ́ímọ̀ á jẹ ẹ́ tán, á lá ọwọ́, á ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ti Ìdúmàgbò yàtọ̀." Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́dọọdún nìyẹn. Nígbà tó yá, Wòsílátù ò ra ọ̀bọ̀kún mọ́. Bùrẹ́ímọ̀ ò tilẹ̀ fura.

Lẹ́yìn Iléyá ọdún 1956, pákó tó fẹ́ rà gbé e dé Èkó, ó bá yà síbẹ̀. Ìyá Mùnírátù ti kú. Mùnírátù ọmọ rẹ̀ ló wà nídìí ààrò, èrò sì kún bíi ti àtijọ́. Wọ́n gbé ẹ̀bà àti ọ̀bọ̀kún síwájú rẹ̀.

Ọbẹ̀ náà dùn. Irọ́ kọ́ ló ti ń pa. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ ń wá ohun kan tí kò rí: ewé ẹfinrin tí Wòsílátù máa ń já sí i. Ó gbìyànjú kó rántí ìgbà tó jẹ ọ̀bọ̀kún ìyàwó rẹ̀ kẹ́yìn. Kò rántí.

"Bàbá, ṣé kò dùn ni?" Mùnírátù bi í.

"Ó dùn, ọmọ mi."

Nígbà tó délé, Wòsílátù ń ṣa ẹ̀wà. Ó jókòó tì í.

"Ìyá Ròkíátù, mo jẹun ní Ìdúmàgbò. Ọ̀bọ̀kún tìrẹ dùn ju tiwọn lọ."

"Ẹ ṣeun." Kò gbójú sókè.

"Òótọ́ ni mò ń sọ."

"Mo gbọ́, Bàbá Ròkíátù. Nígbà tí mò ń sè é, ọ̀rọ̀ yìí ni mò ń retí lẹ́nu yín. Mi ò retí ẹ̀ mọ́."

"Ṣé o ò ní sè é mọ́ ni?"

"Ọwọ́ mi ti kúrò níbẹ̀."

Kò sí ìbínú lóhùn rẹ̀ rárá. Ìyẹn ló dun ọkùnrin náà jù. Ì bá sàn lójú rẹ̀ ká ní ó pariwo mọ́ ọn. Bùrẹ́ímọ̀ fa àtẹ ẹ̀wà náà mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣà á.

"Ẹ rọra," Wòsílátù wí nígbà tó pẹ́ díẹ̀, "ẹ̀wà gidi lẹ̀ ń dà nù yẹn."